Àléébù Kámẹ́rà Kékeré: Kí A Tó Dá Ọmọ Ilé Lẹ́bi

Láàárín ọdún 2000 sí 2010, kí fóònù ìgbàlódé tó gba ìjọba, kámẹ́rà díjítà kékeré ni ọba nínú ayẹyẹ wa. Kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ kan lọ, ó ń wọ àpò ṣòkòtò, ó sì ń wọ àpamọ́wọ́ ìyá ọmọ. Àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń rà á ránṣẹ́ sílé. Àwọn tí kò ní ẹni lókè òkun ń ra tòkunbọ̀ rẹ̀. Òun ni ó ya ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti wọ yunifásítì báyìí, òun náà ni ó sì ya àwòrán ìkẹyìn ọ̀pọ̀ àgbà tí wọ́n ti di ará ọ̀run. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan, ó daṣẹ́ sílẹ̀. Awò rẹ̀ yọ síta, kò padà wọlé mọ́. Tàbí ojú rẹ̀ ṣú dùdù. Tàbí ó ní òun kò rí mẹ́mórì tí ó wà nínú òun. Wọ́n bi ara wọn nínú ilé pé ta ni ó bà á jẹ́. Orí ọmọ tí ó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ni ẹ̀bi sábà máa ń já lé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ó yẹ kí a wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àléébù tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ti bátìrì, ti mẹ́mórì, ti awò, àti ti ojú inú tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ìtàn tirẹ̀, àti ìpinnu kan tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe tí ó bí i. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn náà yóò mọ èyí tí ọwọ́ ara rẹ̀ lè tún ṣe, yóò mọ èyí tí ó jẹ́ ti oníṣẹ́-ẹ̀rọ, yóò sì mọ èyí tí ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwòrán ìran wa ṣì wà nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ti pè ní òkú.

Ebi bátìrì

Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ méjì, Willard Boyle àti George Smith, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, hùmọ̀ ohun kékeré kan tí wọ́n pè ní CCD. Iṣẹ́ tí a wá fi í ṣe ni pé kí ó gba ìmọ́lẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ di iná mànàmáná tí a lè kà bí ẹni ka owó. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 2009, iṣẹ́ yìí mú kí wọ́n pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ físíìsì. Ṣùgbọ́n ní 1975 ni onímọ̀-ẹ̀rọ kan ní Kodak, ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, Steven Sasson ni orúkọ rẹ̀, fi irú ojú bẹ́ẹ̀ sínú àpótí kan, tí ó sì fi ya àwòrán láìlo fíìmù. Ẹ̀rọ náà wúwo tó kílò 3.6. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó fi ń kọ àwòrán kan ṣoṣo, aláwọ̀ dúdú àti funfun, sórí kásẹ́ẹ̀tì. Bátìrì 16 ni ó ń lò.

Ẹ fi ojú sí bátìrì 16 yẹn, nítorí pé inú ìdílé náà ni ebi ti wá. Kámẹ́rà onífíìmù àtijọ́ lè fi bátìrì kan ṣe odidi ọdún. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lo bátìrì rárá. Ti díjítà kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì ni ó ń bọ́ ojú inú, bátìrì ni ó ń ti awò jáde, bátìrì ni ó ń kọ àwòrán sínú mẹ́mórì. Nígbà tí Casio sì gbé QV-10 jáde ní 1995, tí ó fi gíláàsì aláwòrán sí ẹ̀yìn kámẹ́rà kí ènìyàn lè rí ohun tí ó yà lójú ẹsẹ̀, inú gbogbo ayé dùn, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹnu mìíràn tí ń jẹun ni wọ́n fi kún ilé yẹn.

Ìdí nìyí tí àléébù àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé kámẹ́rà tàn, awò rẹ̀ yọ, lẹ́yìn náà ni ó kú, bẹ́ẹ̀ tuntun ni bátìrì tí ó wà nínú rẹ̀. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí a fi ń gbọ́ rédíò tàbí tí a ń fi sínú agogo ara ògiri kò lágbára tí kámẹ́rà ń fẹ́. Ó lè gbé rédíò fún oṣù kan nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni rédíò ń mu iná. Kámẹ́rà ń gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bátìrì alkaline dára jù ú lọ, èyí tí a lè tún gba iná sí, tí wọ́n kọ NiMH sí lára, ni ó sì dára jù lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kámẹ́rà ti bàjẹ́, kí ó kọ́kọ́ yí bátìrì padà sí irú èyí tí ó tọ́.

Bátìrì tí a gbàgbé sínú ẹ̀rọ fún ọdún pípẹ́ tún máa ń sun omi, omi náà a sì gbẹ di ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé lára irin tí bátìrì ń fara kàn. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má ha á pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ẹ fi òwú tí a ti bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ nù ún, ẹ fi òwú mìíràn gbẹ ẹ́ dáadáa, ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Ní ti àwọn tí ó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ aláìyípo, èyí tí ikùn rẹ̀ bá ti wú kò ṣe é lò mọ́. Ó lè gbiná. Bí ọjọ́ àti àkókò bá ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, bátìrì kékeré kan tí ó wà nínú lọ́hùn-ún ni ó ti gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí a bá fi bátìrì ńlá tí ó kún sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ti inú náà yóò gba iná padà.

Ìjà àwọn mẹ́mórì

Nígbà ayé fíìmù, ẹni tí ó bá ra róòlù oní-35mm mọ̀ pé yóò wọ kámẹ́rà oní-35mm yòówù, ìbáà jẹ́ Kodak ni ó ṣe é tàbí Fuji. Nígbà tí ti díjítà dé, olúkúlùkù dá ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. SanDisk mú CompactFlash jáde ní 1994, Sony mú Memory Stick jáde ní 1998. Ní 1999, Matsushita, ìyẹn àwọn tí ó ni Panasonic, para pọ̀ mọ́ Toshiba àti SanDisk, wọ́n kéde káàdì SD. Ní 2002, Olympus àti Fujifilm gbé xD jáde ní tiwọn. Káàdì SD ni ó borí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn oníbàárà ti ń ra èyí tí kò wọ ẹ̀rọ wọn.

SD tí ó borí yìí pàápàá ní ìdẹkùn tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ju 2GB lọ. Ní 2006 ni wọ́n gbé SDHC jáde, èyí tí ó lè tó 32GB. Gígùn wọn dọ́gba, ìbú wọn dọ́gba, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ àfi kí ènìyàn ka ohun tí a kọ sí wọn lára. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe ní 2004 kò mọ SDHC. Bí a bá fi sínú rẹ̀, yóò ní káàdì náà bàjẹ́. Irú káàdì ńlá yìí sì ni ó kún ìgbá lónìí. Nítorí náà, ẹni tí kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀ bá ń kọ káàdì, kí ó wá èyí tí kò ju 2GB lọ kí ó tó sọ pé ẹ̀rọ ti kú. Kí ó tún wo ẹ̀gbẹ́ káàdì SD: ìtìpa tíńtín kan wà níbẹ̀ tí ó ń dènà kíkọ àti píparẹ́. Ìka ọwọ́ lásán lè ṣèèṣì tì í, kámẹ́rà yóò sì ní a ti ti káàdì pa.

Ewu tí ó tóbi jù wà nínú ìbéèrè kan tí ẹ̀rọ máa ń bi ènìyàn nígbà tí káàdì bá ń ṣe wàhálà: ṣé kí n fọ káàdì yìí mọ́? Ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bí àwòrán bá wà lórí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé a ti pa á rẹ́ ná, ẹ má tíì sunkún. Ohun tí kámẹ́rà ń pa rẹ́ kì í sábà jẹ́ àwòrán gan-an, bí kò ṣe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ó dà bí ilé ìtura tí akọ̀wé rẹ̀ fa igi lé orúkọ àlejò nígbà tí àlejò ṣì ń sùn nínú yàrá. Bí a kò bá tíì fún ẹlòmíràn ní yàrá náà, a ṣì lè kan ilẹ̀kùn. Ẹ yọ káàdì náà, ẹ má fi ya àwòrán mìíràn, kí ẹ sì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà tí ń jẹ́ PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kó ohun tí ó bá rí sí, ẹ má kó o padà sórí káàdì náà.

Awò tí kò lè padà wọlé

Ní 2000, Canon gbé Digital IXUS jáde. Ẹ̀rọ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì fi han gbogbo olùdíje pé kámẹ́rà díjítà lè wọ àpò ẹ̀wù. Kí èyí tó ṣeé ṣe, awò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ká ara rẹ̀ jọ sínú bí ìjàpá ṣe ń fa orí wọlé. Bí àṣà yìí ti gbilẹ̀, ẹyinjú awò wá ń rìn lórí àwọn eyín ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ tí mọ́tò tíńtín kan ń yí. Ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo láàárín eyín méjì tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Àwọn tí ó lo kámẹ́rà Canon ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kò ní gbàgbé àmì náà: E18. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé awò fẹ́ lọ sí ibì kan, kò sì lè dé ibẹ̀. Kì í ṣe àrùn Canon nìkan. Àwọn tí wọ́n ń lo kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ mìíràn rí irú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n E18 di olókìkí nítorí pé àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹni kan dá wà nínú ilé rẹ̀, ó gbà pé ọwọ́ òun ni ó wúwo. Nígbà tí ọgọ́rọ̀ ènìyàn kọ ọ́ síta pé bákan náà ni ó ṣe àwọn, ìbéèrè yí padà. Nínú àwọn kámẹ́rà tí ó tẹ̀ lé e, Canon yí àmì náà sí gbólóhùn tí ó ní kí a pa kámẹ́rà, kí a sì tún un tàn. Orúkọ àrùn yí padà, àrùn kò yí padà.

Ní ilẹ̀ tiwa, eruku ọyẹ́ àti iyanrìn etí òkun ni ọ̀tá awò. Bí ó bá há, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì, ẹ jẹ́ kí ó sinmi, kí ẹ sì fi èyí tí ó kún dáadáa sí i; àìlágbára bátìrì nìkan lè fi awò sílẹ̀ ní agbede-méjì ọ̀nà. Bí kò bá lọ, ẹ dojú awò kọlẹ̀, kí ẹ fi fèrè rọ́bà tí a fi ń fẹ́ eruku fẹ́ àyíká rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Ẹ má sì fi agbára tì í. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń lọ̀ nínú bí ọlọ, ẹ gbé e fún oníṣẹ́-ẹ̀rọ.

Ojú inú, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2005

Àléébù kẹrin ni ó ní ìtàn tí ó le jù. Kámẹ́rà yóò tàn, awò yóò yọ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn lórí gíláàsì yóò pọ́n bí àlùkò, tàbí kí ìlà kún ojú rẹ̀, tàbí kí gbogbo rẹ̀ dúdú. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n: ẹ pe àwọn àwòrán àtijọ́ tí ó wà lórí káàdì jáde. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá hàn kedere, gíláàsì ẹ̀yìn kò ní àìsàn kankan. Ojú inú, ìyẹn CCD, tàbí ìdérí tí ń ṣí ojú náà tí ó sì ń pa á dé, ni ó ní ìṣòro.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Japan bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: Sony, Canon, Nikon, Fujifilm, Konica Minolta, Ricoh. Wọ́n ní díẹ̀ nínú àwọn kámẹ́rà àwọn lè máa ya àwòrán bàjẹ́ tàbí kí wọ́n má ya nǹkankan. Ó ya àwọn oníbàárà lẹ́nu. Báwo ni àwọn tí ń bá ara wọn du ọjà lójoojúmọ́ ṣe ń ṣàìsàn kan náà lọ́jọ́ kan náà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan náà ni wọ́n ti ra ojú. Sony ni ó ń ṣe CCD fún ara rẹ̀ àti fún ọ̀pọ̀ lára àwọn olùdíje rẹ̀. Orúkọ tí ó wà níwájú kámẹ́rà yàtọ̀, ojú tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ohun tí ó bàjẹ́ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀pá CCD, àwọn wáyà tín-ín-rín kan ni ó so ojú náà mọ́ ìyókù ẹ̀rọ. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí 2002 sí 2004, ibi tí àwọn wáyà náà ti so mọ́ ara wọn lè tú bí ẹ̀rọ bá wà níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jù ú lulẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ kankan tẹ ohun tí kò yẹ. Láti ilé-iṣẹ́ ni àrùn náà ti wà nínú rẹ̀, tí ó ń dúró de ojú ọjọ́.

Canon dárúkọ àwọn kámẹ́rà tí ọ̀rọ̀ kàn, lára wọn ni PowerShot A60, A70, A75, A300 àti A310. Wọ́n ní àwọn yóò tún èyí tí ó bá ní àmì àrùn náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bí gàráńtì rẹ̀ tilẹ̀ ti parí. Ó yẹ kí a yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó gbọ́?

Ní Tokyo, ooru òun ọ̀rinrin ní àsìkò tirẹ̀. Bí ó bá dé, ó ń lọ. Ní Èkó, ní Kútọnu, ní Salvador ti Bahia, ojú ọjọ́ tí a bí wa sí ni. Ibi tí àrùn yìí ti lè tètè mú ẹ̀rọ ni ibi tí ìkéde náà ti ṣòro jù lọ láti dé. Ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ kò ní rísíìtì, kò fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà sí i. Ìkéde tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àkókò tí a ṣì ń sanwó wákàtí kan ní káfẹ̀ kí a tó ka lẹ́tà ẹyọ kan. Nítorí náà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé ẹ̀rọ sí kọ́ńdó, ó bá ọmọ wí, ó sì gbàgbé rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú ìtàn yìí rèé. Bí ohun kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni kan, ó lè jẹ́ ẹ̀bi ẹni náà. Bí ohun kan náà bá bàjẹ́ ní ọ̀nà kan náà lọ́wọ́ ẹgbàágbèje ènìyàn tí wọn kò mọ ara wọn, a ní láti wo ilé alágbẹ̀dẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á bi nígbà tí ẹ̀rọ bá daṣẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe “ta ni ó bà á jẹ́?” bí kò ṣe “ta ni ó tún ṣẹlẹ̀ sí?” Bí ó ti rí fún kámẹ́rà náà ni ó rí fún fóònù, fún ọkọ̀ àti fún ẹ̀rọ amúnáwá tí a ń lò lónìí.

Ohun tí ó kù ní ṣíṣe

Ìjọba kámẹ́rà kékeré kò pẹ́. iPhone jáde ní 2007. Ní 2010, kámẹ́rà díjítà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Japan kó sọ́jà lé ní mílíọ̀nù 120. Ní 2023, kò tó mílíọ̀nù mẹ́jọ. Kodak, ilé tí Sasson ti ṣe ti àkọ́kọ́, sá sábẹ́ òfin àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ní oṣù kìíní ọdún 2012. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀yà ara fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò sí mọ́, bí kò ṣe èyí tí a bá yọ lára òkú mìíràn. Bákan náà, àwọn ọ̀dọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tún ti ń wá àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí kiri, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn bí àwòrán rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta tirẹ̀, kí ó rántí yọ káàdì rẹ̀ ná, kí ó má baà ta ìyá rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà.

Ìkìlọ̀ kan ṣe kókó. Ẹ má ṣe tú kámẹ́rà fúnra yín bí ẹ kò bá kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ń tọ́jú iná fún fíláàṣì lè mú iná tí ó tó fóòtì 300 dání, èyí tí ó ga ju ti inú ilé wa lọ, bí a tilẹ̀ ti yọ bátìrì kúrò. Ó ti gbá ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rò pé òun ń fi túnṣe ṣeré.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kámẹ́rà ni làpálàpá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí kò bá tilẹ̀ jí mọ́, ayé kò parí. Àwòrán tí ó wà lórí káàdì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbà là. Káàdì kì í kú nítorí pé kámẹ́rà kú. Oníkọ̀ǹpútà àdúgbò tí ó ní ẹ̀rọ akàwé-káàdì lè kó ohun tí ó wà lórí rẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yálà SD ni tàbí CompactFlash; ti xD àti Memory Stick lè gba ìwákiri díẹ̀. Ẹ kó wọn sí ibi méjì ó kéré tán. Ẹ sì kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú wọn sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé, nítorí pé kò sí ètò kọ̀ǹpútà kankan tí ó lè bá wa gba ìyẹn padà.